Àwọn Tó Jókòó Nídìí Ìgò Insulin

Láàárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ, mo máa ń yọ ìgò kékeré kan jáde nínú ìkòkò amọ̀ tó wà ní igun yàrá mi. Ìkòkò náà wà nínú ìkòkò mìíràn tó tóbi jù ú lọ. Iyanrìn ló wà láàárín àwọn méjèèjì, mo sì máa ń wọ́n omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní fíríìjì o, àwọn ọmọ ló rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iná mànàmáná ní Ìwó: ó lè wá lónìí, kó má padà wá mọ́ títí di ọ̀túnla. Ìkòkò amọ̀ kì í retí NEPA. Oògùn inú ìgò náà funfun bí wàrà tí wọ́n fi omi là. N ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i, jẹ́jẹ́, bí ìgbà mẹ́wàá, nítorí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ jù ú jìgìjìgì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dọ́gba, n ó fà á sínú abẹ́rẹ́, n ó fi ìka méjì di awọ ikùn mú, n ó gún un.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ àìsàn ìtọ̀ ṣúgà fúnra rẹ̀, àwọn dókítà ti sọ ọ́ títí ẹnu ń bó wọn. Àwọn tó jókòó sí yàrá ìpàdé lókè òkun ló ń gbé mi lọ́kàn, àwọn tó ń pinnu bóyá ìgò yìí yóò máa dé Ìwó, àti iye tí yóò jẹ́ nígbà tó bá dé. Ọmọ ọmọ mi kan wà ní Yunifásítì Bowen níhìn-ín. Nígbà tó wá kí mi ní ìparí ọ̀sẹ̀, mo ní kó bá mi wá orúkọ wọn jáde lórí fóònù rẹ̀, kó máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ iṣẹ́ tí oníkálukú ti ṣe rí. Ẹni tó kọ́kọ́ kà, tó jẹ́ alága wọn fún ọdún méje, oníṣẹ́ epo rọ̀bì ni.

Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ náà ní, "Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Mo ní dókítà mi ti ń kìlọ̀ epo àti ṣúgà fún mi láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé ọ̀gá kan náà ni wọ́n ní.

Helge Lund lorúkọ rẹ̀, ọmọ Nọ́wè. Láti 2004 títí di 2014 ló fi darí Statoil, ilé iṣẹ́ epo ìlú rẹ̀. Statoil kì í ṣe àjèjì sí wa: wọ́n ti ní ìpín rí nínú Agbami, kànga epo tó wà nísàlẹ̀ òkun wa, tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní 2008. Ní 2018 ni wọ́n fi í ṣe alága Novo Nordisk, ilé iṣẹ́ Denmark tó ń ṣe insulin tí mò ń lò. Nígbà tó di 2019, BP náà fi í ṣe alága tiwọn, ó sì ń gun ẹṣin méjèèjì pọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Kò burú lójú mi tó bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lè rò. Ẹni tó ti bójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ lójú agbami mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó àti ewu. Àmọ́ nílùú tiwa, bí ènìyàn bá jókòó níwájú ọba, ohun tí a máa ń bèèrè ni pé ilé ta ni, agbo wo ló rán an wá. Bó bá sọ̀rọ̀ ibi, agbo ilé rẹ̀ yóò gbọ́. Bó bá gbàgbé wọn, wọn yóò lọ bá a nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo wá ń wo orúkọ wọ̀nyí lójú fóònù, mò ń bi ara mi pé àwa tí à ń gún abẹ́rẹ́, ta ló jókòó fún wa níbẹ̀?

Mo ní kí ọmọ náà padà sẹ́yìn dé ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mo fẹ̀yìn tì sí, n kì í fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Lóṣù kìíní ọdún 1922, nílùú Toronto ní Kánádà, wọ́n gún ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní insulin. Òun ni aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà àkọ́kọ́ tí wọ́n gún un fún. Ṣáájú ìgbà náà, bí àìsàn yìí bá mú ọmọdé, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ebi pa á kó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Àwọn tó ṣàwárí oògùn náà ta ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún yunifásítì ìlú náà ní dọ́là kan péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí dọ́là kan yẹn nígbà tí ẹ bá ń sanwó ní kẹ́míìsì.

Lọ́dún kan náà ni tọkọtaya kan láti Denmark wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ ń jẹ́ August Krogh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1920. Ìyàwó ń jẹ́ Marie. Dókítà ni Marie, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára òun fúnra rẹ̀. Òun ló gbọ́ ìròyìn Toronto, òun ló sì rọ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n yà síbẹ̀. Wọ́n gba àṣẹ láti máa ṣe oògùn náà nílé, wọ́n sì padà lọ dá ilé iṣẹ́ Nordisk sílẹ̀ ní 1923. Ojú mẹ́wàá kò jọ ojú olóhun. Bí kò bá jẹ́ pé àìsàn náà wà nínú ilé Krogh, n kò rò pé onímọ̀ tó ti gba Nobel tán yóò fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ ṣa ẹ̀yà ara ẹran lọ́wọ́ àwọn alápatà.

Ẹ wo bí àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ṣe yàtọ̀ síra wọn. Krogh mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Hans Christian Hagedorn jẹ́ dókítà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ sì ti gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. August Kongsted ló lówó: òun ló ni ilé iṣẹ́ oògùn tó ń fi kìnnìún ṣe àmì, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n pe oògùn náà ní Insulin Leo. Harald Pedersen jẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀rọ í kàn, Thorvald àbúrò rẹ̀ sì mọ oògùn í pò. Ní 1924, Hagedorn àti Thorvald jà, wọ́n lé Thorvald. Harald ní kò sí bí òun ṣe lè dúró níbi tí wọ́n ti lé ọmọ ìyá òun. Ní 1925, tẹ̀gbọ́n tàbúrò dá Novo tiwọn sílẹ̀ nínú ìlú kan náà, ilé iṣẹ́ méjèèjì sì ń bára wọn du ọjà títí di 1989 kí wọ́n tó so pọ̀, tí orúkọ fi di Novo Nordisk.

Hagedorn yìí, ó kù sí mi lọ́wọ́ díẹ̀. Oògùn funfun tí mò ń yí lọ́wọ́ láàárọ̀, NPH ni àwọn dókítà ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Hagedorn sì ni H tó gbẹ̀yìn yẹn. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló rí i pé bí wọ́n bá da èròjà kan láti ara ẹja pọ̀ mọ́ insulin, kò ní tètè tán nínú ara. Tẹ́lẹ̀, aláìsàn lè gún abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́. Ó wá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn olùdarí àkọ́kọ́ ń wọ inú ikùn mi lójoojúmọ́, ọkùnrin oníjà yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí insulin, nínú ẹ̀yà ara kékeré kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ sì pọ̀ ní Denmark ju bí àgùntàn ṣe pọ̀ nílé Iléyá. Ìlú àwọn alùfáà ni Ìwó, ilé kéwú wà káàkiri. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, alùfáà àdúgbò wa bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ ara ẹran tó ti wá. N kò mọ̀. Mo lọ bèèrè, mo sì padà wá sọ fún un pé láti 1987 ni Novo ti ń fi ìwúkàrà ṣe é, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, búrẹ́dì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dín kù náà ni wọ́n wá ń gún fún yín."

Ọ̀nà tí wọ́n gbà to àga ìgbìmọ̀ Novo Nordisk wù mí láti sọ. Àjọ aláàánú kan tó ń ná owó lórí ìmọ̀ ìṣègùn ló ni agbára jù. Nǹkan bíi ìpín 28 nínú 100 ni wọ́n ní nínú ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìbò 77 nínú 100 wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì ń dìbò yan ẹni mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń di oògùn sínú páálí lè bá olówó jókòó sí tábìlì kan náà.

Agbára àjọ yẹn hàn ní 2025. Ọjà ti ń bọ́ lọ́wọ́ Novo Nordisk ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé iṣẹ́ Eli Lilly ti ń ta oògùn tó ń dín ìsanra kù jù wọ́n lọ. Àjọ náà ní kí ìgbìmọ̀ yí padà kíákíá, Lund àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọn kò fẹnu kò. Lund àti mẹ́fà mìíràn kúrò lórí àga. Ní 14 oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe ìpàdé tí wọ́n ti yan alága tuntun. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Àyájọ́ Ìtọ̀ Ṣúgà Lágbàáyé, ọjọ́ ìbí Banting tó ṣáájú iṣẹ́ Toronto. Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, bóyá kàlẹ́ńdà ló ṣe é.

Lars Rebien Sørensen ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀ láti 2000 títí di 2016, ó sì ti wọ ilé iṣẹ́ náà láti 1982. Ẹ wá gbọ́ ohun tó kọ́ ní yunifásítì: ìmọ̀ igbó àti igi. Ọ̀gá àgbà tuntun, Mike Doustdar, akọ̀wé kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Vienna ní 1992. Èmi fara mọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju ti epo lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ilé kan ti tó láti mọ ibi tí òjò ti ń jò.

Nílé níbí, mo rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó tó di olóògbé ní 2020. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín ni ìmọ̀ rẹ̀ dá lé, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Ìlọrin àti ní Zaria. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mọ iye àwọn tó ní àìsàn tí kì í ranni, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 ló sọ fún wa pé 2.2 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ní ìtọ̀ ṣúgà nígbà náà. Kò ta oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn kà wá ni, ìgbà yẹn sì ni ìjọba tó rí wa.

Ní 2023, Sanofi, ilé iṣẹ́ Faransé tó ń ṣe insulin, kéde pé àwọn kò ní ta ọjà tààràtà ní Nàìjíríà mọ́, alágbàtà ni yóò máa tà á. Ìpinnu inú yàrá ìpàdé ni. Láti ìgbà yẹn, owó tí mo fi ń ra ìgò kan láti ilé iṣẹ́ yòówù kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Ọdún náà ni mo ra ìgò kan ní ṣọ́ọ̀bù tí n kò ní dárúkọ. Orí pẹpẹ ni wọ́n ti mú un fún mi, oòrùn ọ̀sán ń ràn sí i. Mo gún un fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣúgà mi ń gòkè, ojú mi ń ṣú, àwọn ọmọ rò pé mò ń jẹ àkàrà òyìnbó ní ìkọ̀kọ̀. Oògùn ló ti kú sínú ìgò. Kò sí olóyè epo tàbí olóyè igbó tó mọ̀ nípa pẹpẹ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Ìwó tí wọ́n bá fi sínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, tàbí ti ilé iṣẹ́ oògùn, nílé tàbí lẹ́yìn odi, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìnáwó àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wo ibi tí wọ́n ń kó insulin sí, kí ẹ sì bèèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí i nígbà tí iná bá lọ.