Kòkòrò Tó Ń Jobì: Kọ̀ǹpútà Tí Kò Sinmi ní Dọ̀pẹ̀mú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan mu, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Dọ̀pẹ̀mú, lọ́nà Akówọnjọ, níbi tí ariwo àwọn ọlọ́kọ̀ kì í ti í dákẹ́ láti ìdájí di òru. Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi ń wá ohun tó ń pa iṣẹ́ rẹ̀ lára. Ó fura sí iná mànàmáná, ó fura sí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un, ó sì fura sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ nìkan ni kò fura sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya ìwé ìkéde òkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó, kí ó sì máa to fídíò kéékèèké fún àwọn ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Orí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Káàdì gíráfíìkì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, GTX 1060 tí ilé iṣẹ́ Nvidia gbé jáde ní ọdún 2016. Káàdì yìí ni ayàwòrán inú ẹ̀rọ. Ohunkóhun tó bá ń mì lójú kọ̀ǹpútà, òun ló ń kùn ún, tó ń pa á rẹ́, tó sì ń tún un kùn, ó lè tó ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohunkóhun kò bá mì, ó yẹ kí ayàwòrán náà jókòó, kó sinmi.

Windows 10 ló wà lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò ní. Ọ̀nà méjì ló kù fún ọkùnrin náà: kó ra ẹ̀rọ mìíràn, tàbí kó lọ sórí Linux. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló bá a yan èkejì.

Linux kì í ṣe ọmọ àná. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Fínláńdì, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì fi í síta kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde lórí rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní Èkó yóò rántí pé títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi síìdì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ubuntu yìí ni ọkùnrin náà gbé sórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ọfà máòsì sí ọ̀tún, ọfà náà á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tó ń ronú, kó tó tẹ̀lé ọwọ́. Bó bá fa fèrèsé kan, fèrèsé náà á máa wọ́ tuurutu. Fáànù ẹ̀rọ kò sì dákẹ́, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú àwòrán ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé. Ó fẹ́ ìwé ìkéde ogún, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, lẹ́tà orúkọ olóògbé kò tíì fara hàn dáadáa lójú ẹ̀rọ.

“Ọmọ mi, àbí ẹ̀rọ rẹ ń ṣàìsàn ni?”

“Ẹ má bínú mà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.”

“Ọ̀la ni àìsùn, ọmọ mi. Òkú kì í dúró de ẹ̀rọ.”

Ó rọra dá àwòrán ọkọ rẹ̀ padà sínú báàgì, ó sì kọjá sí òdìkejì títì, sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Owó iṣẹ́ ogún ìwé kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí oníbàárà ti ṣòro ó rí lásìkò yìí yóò mọ ohun tí ó dùn ún.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó dojú ọ̀rọ̀ kọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó máa ń sun inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi káàdì gíráfíìkì wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kí oní-nǹkan mọ̀. Ó ní ohun tí ọmọ náà ń ṣe lóru nìyẹn, nítorí náà ni fáànù kò fi sinmi. Ọmọ náà búra, ó sunkún. Ọ̀gá kò gbọ́. Ó pe bàbá ọmọ náà lórí fóònù pé kó wá mú un lọ lópin ọ̀sẹ̀.

Ó yẹ kí èèyàn dúró díẹ̀ níbí. Ìfura sí ọ̀dọ́ tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan tuntun ní ìlú yìí. Ọ̀kan lára ohun tó bí ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni pé àwọn agbófinró ń dá àwọn ọ̀dọ́ dúró lójú pópó, wọ́n ń tú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn wò, wọ́n sì ń pè wọ́n lólè kí wọ́n tó béèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù yìí wà lára àwọn tó bínú sí ìwà yẹn nígbà náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ṣèdájọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ariwo fáànù.

Kí ọjọ́ tí bàbá yóò dé tó pé, ó pinnu láti wá ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ó kọ “top”. Àṣẹ yìí máa ń to gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ. Kò rí ètò kankan tó ń wa owó. Ó kọ “free -h” láti wo àyè ìrántí ẹ̀rọ. Àyè pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló yẹ dírẹ́bà wò. Dírẹ́bà tí à ń wí kì í ṣe ti dánfó. Òun ni ètò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe bá ẹ̀yà ara rẹ̀ kan lò. Dírẹ́bà tó bá Ubuntu wá ni nouveau, èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kọ fún káàdì Nvidia. Fún irú káàdì ti ọdún 2016 yìí, nouveau kò ní kọ́kọ́rọ́ tó lè fi gbé ìyára káàdì sókè, nítorí pé Nvidia fi èdìdì ti apá ibẹ̀ pa. Ìyára kékeré tí káàdì bá fi jí náà ni yóò máa fi rìn títí di alẹ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló mú kí Torvalds fúnra rẹ̀ bú Nvidia ní gbangba ní Yunifásítì Aalto ní oṣù Kẹfà ọdún 2012. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Nvidia ṣí apá kan dírẹ́bà rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé, ṣùgbọ́n káàdì tó dàgbà bíi ti ọkùnrin yìí kò sí lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀.

Ó kọ “sudo ubuntu-drivers install”, dírẹ́bà Nvidia gan-an sì wọlé. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ọfà máòsì bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ó rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n fáànù kò dákẹ́ síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ti pọ̀ díẹ̀, àwọn fèrèsé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìdajì àìsàn ló lọ.

Dírẹ́bà tuntun bá àṣẹ kan wá, “nvidia-smi”, tó ń sọ ohun tí káàdì ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọkùnrin náà pa gbogbo fèrèsé dé, ó sì wò ó. Káàdì tí kò níṣẹ́ kan lọ́wọ́ wà ní ìdá 46 nínú 100.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ìdá àkókò tí káàdì fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ bí iṣẹ́ náà ti wúwo tó. Dánfó tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Dọ̀pẹ̀mú kò sinmi láti òwúrọ̀, síbẹ̀ kò tíì dé Ìyànà-Ìpájà. Bí káàdì bá ń rìn ní ìyára kékeré láti tọ́jú iná, iṣẹ́ táṣẹ́rẹ́ lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè, kò sì ní burú. Nítorí náà, nǹkan méjì mìíràn ló yẹ kí èèyàn wò mọ́ ọn: ipò ìyára, tí wọ́n ń kọ bíi P0 tàbí P8, àti wáàtì iná tó ń jẹ. P0 ni eré sísá pátápátá, P8 ni ìsinmi. Ti ọkùnrin yìí wà ní P0, ó sì ń jẹ wáàtì 38. Ẹ̀sùn náà fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ kò tíì hàn.

Orúkọ tó wà lókè nínú àwọn tó ń lo káàdì ni gnome-shell, ètò tó ń to ojú Ubuntu. Ó fẹ́ dá a lẹ́bi. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ti ń di ẹrù rẹ̀, ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìyẹn kàn ń kùn ohun tí àwọn tó kù bá ní kó kùn ni. Ẹ jẹ́ ká ṣí àkáǹtì tuntun sórí ẹ̀rọ yìí, ká gba ibẹ̀ wọlé. Bí fáànù bá dákẹ́ níbẹ̀, a jẹ́ pé inú àkáǹtì tiyín ni nǹkan náà wà.”

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba àkáǹtì tuntun wọlé. Fáànù dákẹ́. Nọ́ńbà bọ́ sí 2. Ọ̀gá kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n padà sínú àkáǹtì rẹ̀. Àwọn àfikún mẹ́jọ ló ti fi ṣe ojú ẹ̀rọ lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n pa mẹ́rin, wọ́n wo nọ́ńbà, kò yí padà. Wọ́n pa méjì nínú mẹ́rin tó kù, nọ́ńbà jábọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tan ọ̀kan padà, kò sí nǹkan. Wọ́n tan èkejì, fáànù pariwo.

Àfikún náà ni èyí tó ń jẹ́ kí fídíò máa ṣeré lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà ní ipò àwòrán lásán. Ojú ẹ̀rọ méjì ni ọkùnrin náà ní, ó kọ ọ̀kan sí títì kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe fídíò orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú iná tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì, láti fi pe oníbàárà. Láti ìgbà tó bá ti tan ẹ̀rọ ni fídíò náà ti ń ṣeré, lójú ẹ̀rọ méjèèjì, kódà nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà bá bò ó mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ohun tó gbé kalẹ̀ láti pe èèyàn wọlé ló lé Màmá jáde.

Wọ́n pa fídíò náà, wọ́n fi àwòrán tí kò mì rọ́pò rẹ̀. Ipò káàdì ṣì ga díẹ̀, nítorí ojú ẹ̀rọ kan ń sọ àwòrán rẹ̀ dọ̀tun ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ní ìgbà 75. Irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ lè mú kí ìrántí káàdì má sùn. Wọ́n sọ méjèèjì di 60. Káàdì wọ P8, wáàtì rẹ̀ di 9.

Wáàtì 29 tó ṣẹ́kù yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ó jẹ́ wáàtì-wákàtí 290. Ní iye náírà 225 tí wọ́n gbé iná Band A dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, náírà 65 péré ni. Ṣùgbọ́n iná kì í wà nígbà gbogbo, orí ínfátà ni ṣọ́ọ̀bù náà máa ń bọ́ sí. Bátìrì 200Ah onífóòtì 12 kan, bí wọn kò bá fẹ́ kó tètè kú, kò yẹ kí wọ́n lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn wáàtì-wákàtí 1,200. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tí fídíò tí ẹnikẹ́ni kò wò ń jẹ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí iná fi máa ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tó fi ń ra epo bẹntiróòlù sí i.

Dókítà Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ èdè Yorùbá. Ó yẹ kí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe náà máa kọ irú ìmọ̀ yìí sílẹ̀ lédè tí ọmọ iṣẹ́ yóò tètè yé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún yẹn ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: wo iye, wo ipò, wo wáàtì, yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí o tó wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá ọmọ náà dé láti mú un. Ọ̀gá dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà níwájú àwọn oníbàárà méjì, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, “Má bínú sí mi. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀.” Bàbá náà wò ó pẹ́ títí kó tó ní kó dìde.

Ọmọ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá ọjọ́sí kò padà wá. Ṣùgbọ́n ní Dọ̀pẹ̀mú, nínú ariwo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, fáànù kan wà tó ti dákẹ́.