Ọlọ́nàdé, Ọlọ́nà Lọ

Bàbá, Ọlọ́nàdé ni wọ́n sọ yín ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí yín sí, baba yín gbẹ́gi, baba baba yín gbẹ́gi. Orúkọ yín ń kéde pé ọlọ́nà dé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, ọlọ́nà lọ.

Lámídì Fákẹ́yẹ lọ. Ẹni tó mọ ohun tó sùn sínú igi lọ.

Mo dúró níwájú ère Odùduwà tí ẹ gbẹ́ sí Gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1987. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń sáré lọ kàwé, ẹnìkan kò gbójú sókè. Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ dá wọn dúró kí n sọ fún wọn pé igi lásán ni èyí rí, kí ọwọ́ yín tó kàn án.

Ọnà lílé ló ń ṣáájú. Àáké ni ẹ fi ń lé e, títí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yà lára ìtì igi. Àlétúnlé tẹ̀ lé e: imú yọ, apá kúrò lára ìhà. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ẹ ó máa họ gbogbo ibi tí àáké ti ṣá. Fínfín ló kẹ́yìn, ọ̀bẹ yóò máa fín irun, ìlẹ̀kẹ̀, ìlà ojú. Igi tí àáké bá sì gé sọnù, kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ mọ èyí láti kékeré, ìdí nìyẹn tí ojú yín fi máa ń ṣáájú ọwọ́ yín.

Ẹ ti mọ igi í gbẹ́ kí ẹ tó gba Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti ń kó àwọn ọlọ́nà jọ láti 1947. Síbẹ̀, ẹ jókòó lábẹ́ George Bándélé, agbẹ́gilére ọmọ Aréògún, ẹ tún ṣe ọmọ-iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ agbẹ́gilére, tó tún gbà láti bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀! Ìyẹn ló máa ń wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yín. Mùsùlùmí ni yín, ẹ sì gbẹ́ Jésù àti Màríà fún àwọn Àgùdà. Ẹ gbẹ́ ẹlẹ́ṣin, ẹ gbẹ́ abiyamọ tó gbọ́mọ pọ̀n. Ẹ kò fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nínú igi.

Yunifásítì Ifẹ̀ gbà yín sẹ́nu iṣẹ́ ní 1978. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀ títí ẹ fi fẹ̀yìn tì ní 1995, ohun tí ẹ sì ń kọ́ wọn kò sí nínú ìwé tí wọ́n lè yá. UNESCO pè yín ní ìṣúra tó ń bẹ láàyè ní 2006. Ọdún mẹ́ta péré ni a tún fi rí yín láàyè.

Àwọn ọmọ ilé Fákẹ́yẹ ṣì ń gbẹ́gi. Mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni n ó bi léèrè ìdí tí ẹ fi dá ọ̀bẹ dúró níbí, lára ère Odùduwà yìí, tí ẹ kò jẹ́ kí ó kọjá? Ta ni yóò sọ ohun tí ẹ rí nínú ìtì igi yìí, kí àáké tó kàn án? Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i.

Ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Mo wo ojú ère náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ipa ọ̀bẹ yín wà níbẹ̀, ó mọ́, ó gún. Ọwọ́ náà ni mi ò rí mọ́, Bàbá.