Ledley King àti Orúnkún Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń ròyìn àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn tí ń gbá a sáwọ̀n ni a sábà máa ń yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tí í dúró lẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: Ledley King, ọmọ Bow ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí a bí ní 1980. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Tottenham, ni ó bá ṣe é, láti 1999 títí di 2012 tí ó fi bàtà sílẹ̀.

Orúnkún rẹ̀ kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Kerekere tí ó yẹ kí ó ya egungun sọ́tọ̀ níbẹ̀ ti jẹ tán, egungun ń ha egungun. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, orúnkún a wú. Kò ní lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánrawò. Omi ni yóò máa lúwẹ̀ẹ́. Bí wíwú náà bá rọ̀, a tún jáde ní Sátidé kejì.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ èdè, ẹ mọ̀ pé ohùn nìkan ni ó ya “gbá bọ́ọ̀lù” sọ́tọ̀ sí “gba bọ́ọ̀lù”. Ọ̀pọ̀ adènà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ń gbá. Gbígbà ni ti King. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Arjen Robben ti Chelsea já sílẹ̀, ó ku òun àti aṣọ́lé. King lé e láti ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù náà; fèrè kò dún. Tottenham borí pẹ̀lú 2 sí 1.

Òun ni balógun wọn nígbà tí wọ́n gba Ife Líìgì lọ́wọ́ Chelsea ní 2008. (Ó mọ gbígbá pẹ̀lú o: ní 2000, ó gbá a sáwọ̀n Bradford kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé.) Ìgbà 21 péré ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Ife Àgbáyé 2010, ìdajì eré àkọ́kọ́ ni ara rẹ̀ gbà.

Àwọn kan ní ẹ̀bùn náà ṣòfò. N kò gbà: ó ju 300 eré lọ tí ó gbá fún Tottenham. Èyí tí ń dùn mí ni pé ó fi ọjọ́ ogbó ẹsẹ̀ rẹ̀ ra Sátidé. Bí mo bá jẹ́ dókítà rẹ̀ ni, n bá ti dá a dúró ṣáájú 2012. Ṣùgbọ́n ká ní mo wà ní White Hart Lane lọ́jọ́ tí Robben já sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni n bá máa ké.