Jerzy àti Cyla

Ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn ni ìjọba Násì pa ní àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́ Auschwitz, Júù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ibẹ̀, ọ̀rọ̀ Jerzy Bielecki àti Cyla Cybulska ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ Poland ni Jerzy, ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Láti 1940 ló ti wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀. Júù ni Cyla. Oṣù kìíní ọdún 1943 ni wọ́n kó òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ dé. Kí ọdún náà tó parí, òun nìkan ló kù.

Ilé tí wọ́n ń kó ọkà sí ni wọ́n ti pàdé. Cyla ń rán àpò, ọ̀rọ̀ bíntín ni wọ́n sì ń rí bá ara wọn sọ. Kí wọ́n lè sá lọ, díẹ̀díẹ̀ ni Jerzy fi kó aṣọ SS, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ Násì, jọ. Ó rí ìwé àṣẹ ìjáde kan. Ó fi rọ́bà pa orúkọ ẹ̀ṣọ́ kan, Stehler, tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó fi pẹ́ńsù kọ Steiner, nítorí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè lè mọ Stehler sójú. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1944, ó wọ aṣọ náà, ó mú Cyla síwájú bí ẹlẹ́wọ̀n tí ọlọ́pàá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ̀ṣọ́ wo ìwé náà títí, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Òru ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n á sá pamọ́ lójú ọ̀sán. Nígbà tó rẹ Cyla tẹnutẹnu, ó ní kí Jerzy fi òun sílẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Jerzy kọ̀. Lójú tèmi, èyí ju ti ẹnubodè lọ, torí kò sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi ká ní ó fi Cyla sílẹ̀.

Wọ́n yà láti fara pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1945, Jerzy fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín lọ wá Cyla. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi pẹ́, Cyla ti lọ. Wọ́n ti sọ fún Cyla pé Jerzy ti kú. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Jerzy náà nípa Cyla.

Ọdún 1983, ní New York tí Cyla ń gbé nígbà náà, obìnrin tó ń bá Cyla tọ́jú ilé ló sọ pé òun rí ọkùnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ irú ìtàn yìí. Jerzy ni ọkùnrin náà. Ó fi òdòdó rósì 39 pàdé Cyla ní pápákọ̀ òfurufú Kraków. Ṣùgbọ́n ó ti láya, ó ti bímọ. Cyla bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lọ sí Amẹ́ríkà. Jerzy ní òun kò lè fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀. Cyla sunkún gan-an. Mi ò rí èyí tí mo lè dá lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì.