Agboolé ni igbó Ọ̀ṣun

Tí ẹ bá dé Òṣogbo, ẹ yà sí igbó Ọ̀ṣun. Ó tó hẹ́kítà 75, ọdún 2005 sì ni àjọ UNESCO kà á mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé. Èèwọ̀ ni kéèyàn ṣọdẹ, pẹja tàbí gégi níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń wọlé ni atẹ́gùn tútù yóò máa fẹ́ sí yín, tí ọ̀bọ ń fò láti orí igi dé orí igi.

Agboolé ni igbó yìí. Ewé ló ń se oúnjẹ níbẹ̀, oòrùn sì ni iná ìdáná rẹ̀. Kòkòrò ń jẹ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ kòkòrò, ejò ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, àṣá ń gbé ejò. Èyí tó bá kú, ikán àti ekòló á sọ ọ́ di ilẹ̀dú, igi á tún rí oúnjẹ jẹ. Tí a bá pa ọ̀pọ̀lọ́ tán, kòkòrò á gbòde, ebi á sì pa ejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni odò rí. Ewéko kéékèèké inú omi ń fẹ́ oòrùn, ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ ẹ́, ẹja ńlá ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́, àwa náà ń jẹ ẹja ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé etí omi, ńṣe ló pọ́n bí omi amọ̀. Ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè odò, lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé. Mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi tí àwọn kan fi ń fọ góòlù, ló burú jù. Kì í jẹrà. Bí ẹja ṣe ń jẹ ẹja ló ń pọ̀ sí i. Ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, pàápàá ọmọ inú oyún.

Ìyá àgbà kan ń pọn omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ló máa mu ún, àwọn á kọ́kọ́ sè é.

Mo ní, "Màmá, iná ń pa kòkòrò àìsàn, kò lè pa mẹ́kúrì. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kìlọ̀ pé ká má mu ún."

Wọ́n ní, "Òun ni mo mu dàgbà, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ ò purọ́, mà. Àmọ́ wọn ò tíì da nǹkan yìí sí i nígbà náà."

Wọ́n wo omi náà títí. Wọ́n ní àwọn á gbé e sílé fún àdúrà, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ lọmọ máa mu.

Ẹ̀yin náà, ẹ má da ọ́ìlì mọ́tò tàbí ìdọ̀tí sí gọ́tà. Ọmọ ẹlòmíràn ń mu omi nísàlẹ̀ odò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.