Àárò Ilé

Àárò ilé kì í ṣe àìsàn tí a lè já ewé sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọgbẹ́ tí a lè fi aṣọ dì. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń ṣe mọ̀ dájú pé ara òun kò dá. Oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀, oorun kì í kun ojú rẹ̀, bí wọ́n bá sì bi í pé kí ni ó dé, kò ní lè sọ ju pé kò sí nǹkan kan lọ. Tọmọdé tàgbà ni ó ń ṣe: ó ń ṣe ọmọ tí ó lọ sí ilé-ìwé, ó sì ń ṣe àgbàlagbà tí ó lọ ṣòwò ní ìdálẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kúrò nílé, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Aṣọ tuntun ni ó wọ̀, gààrí àti ṣúgà wà nínú àpótí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò sì ti ń pè é ní akọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ tí ó gbé e wá yí padà, tí bàbá rẹ̀ sì juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ dàrú.

Ní ọ̀sán, iṣẹ́ pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ilé. Alẹ́ ni àárò ń wọlé. Nígbà tí wọ́n bá lu agogo oorun, tí wọ́n sì pa iná, nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí níbẹ̀: ìyá rẹ̀ tí ń fọ àwo lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìyá àgbà tí ń pa àlọ́, àbúrò rẹ̀ tí ń sunkún pé ẹja tí wọ́n bù fún òun kò tó. Ohun tí ó máa ń bí i nínú nílé gan-an ni ó wá ń wù ú láti gbọ́. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, yóò fi aṣọ bo orí, kí ẹni tí ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Kò mọ̀ pé onítọ̀hún pàápàá ti bo orí tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń ṣí sílẹ̀ níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kí ó sá. Yóò máa ka owó ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá yóò tó wọkọ̀. Yóò máa purọ́ pé inú ń run òun, kí wọ́n lè dá òun padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá fún àárò kò tíì borí rẹ̀. Wọn yóò tún pàdé ní ọjọ́ mìíràn, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé ilé ìyá rẹ̀ títí láé. Èkejì ni kí ó gbàgbé ilé pátápátá, kí ó má kọ lẹ́tà, kí ó má sọ èdè ilé rẹ̀ mọ́, kí ó sì máa fi àwọn tí ń sunkún ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí náà kò sàn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ọ̀nà kẹta wà, ó sì le ju méjèèjì lọ. Ìtàn Ajàyí, ọmọ Òṣóògùn, ni ó fi í hàn wá.

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣóògùn. Ajàyí jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 13. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Wọ́n fi Ajàyí pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà, wọ́n kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n ilé jìnnà. Ọmọ ilé-ìwé mọ ọjọ́ tí ìsinmi yóò bẹ̀rẹ̀. Ajàyí kò ní ọjọ́ kankan tí ó lè máa kà. Kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Kí ni ó wá ṣe? Ó dojú kọ iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọdún 1825 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èdè ilé kú mọ́ òun lẹ́nu. Ní ọdún 1843, tí ó di àlùfáà, ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú pọ̀ ní Sàró. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́ ni, títí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè wọ́n ní Akú. Ẹni tí kò ní ìyá níbẹ̀ rí ẹni tí yóò kí i bí ìyá ti ń kí ọmọ. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí wọkọ̀ padà wá sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta.

Crowther náà dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ wá bá a. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò lè jáde. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà tí ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é ní kékeré. Ọkùnrin yìí ti dé Ìlú Ọba, ó sì ti di àlùfáà. Lójú ìyá rẹ̀, Ajàyí náà ni.

Ọ̀ràn ọmọ ilé-ìwé kò tó èyí. Síbẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyà ẹlòmíràn pa ẹkún ọmọ mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ẹkún kì í kéré lójú ẹni tí ń sun ún. Ọgbọ́n kan náà ni yóò ràn án lọ́wọ́. Kí ó dìde lórí ibùsùn, kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kí ó sì mú iṣẹ́ kan dání tí yóò lè fi han àwọn ará ilé nígbà ìsinmi. Kí ó kọ lẹ́tà, tàbí kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ilé-ìwé bá fi àyè gbà á. Bí ó bá sì gbọ́ ẹkún lábẹ́ aṣọ ìbora ẹnìkejì rẹ̀ ní òru, kí ó na ọwọ́ sí i, kí ó wí pé, “Pẹ̀lẹ́, ó ń ṣe èmi náà.” Ó ṣeé ṣe kí ẹkún àwọn méjèèjì dákẹ́ ní òru ọjọ́ kan náà.

Bí àjò bá dùn títí, ilé ni à á bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọjọ́ àjò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rere kò ní bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo.