Ìdí Tí N Kò Fi Tíì Tún Alùpùpù Amẹ́ríkà Ṣe Rí

Láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi ti ṣe fíríìdọ̀mù fún mi ní Òmù-Àrán, tó gbàdúrà sórí àpótí sípánà mi lójú àwọn òbí mi, títí di àkókò yìí tí ewú ti gba orí mi kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú alùpùpù tí n kò tíì tú palẹ̀ kí n sì tún un tò padà, ìbáà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe ti Jàpáànù, ti Ítálì, ti Ṣáínà tàbí ti Íńdíà. Ti Amẹ́ríkà nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ọ̀rọ̀ yìí a máa ya àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu, nítorí Amẹ́ríkà kan náà ló gbé ènìyàn gúnlẹ̀ sínú òṣùpá, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣe kátápílà tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. Kí ló wá dé tí ẹni tó mọ ọ̀nà là kò fi ṣe ohun tí a ó máa gùn lórí rẹ̀?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọ̀nà tí mò ń wí. Ọ̀nà ọ̀dà tó ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Òmù-Àrán, kì í ṣe òun ni iṣu ń gbà jáde lóko. Ọ̀nà tóóró inú igbó, tí àpáta yọrí níhìn-ín, tí odò gé lọ́hùn-ún, òun ni tiwa, àwa ọmọ Ìgbómìnà tí àwọn baba wa fi ogbó lànà kí àwa tó fi táyà tẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, amọ̀ pupa a máa há sáàárín táyà iwájú àti mọ́gáàdì, yóò máa ki, yóò máa ki, títí táyà kò fi ní yí mọ́, tí ẹni tó ń gùn ún yóò fi sọ̀kalẹ̀ tòun ti ẹrù iṣu lẹ́yìn, yóò ṣẹ́ igi, yóò sì máa fi ha amọ̀ náà jáde kí ó tó lè sún síwájú. Alùpùpù tí yóò rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé dìde bó bá ṣubú. Suzuki 100 tí a mọ̀ níjọ́un kò tó 100 kílò. Harley-Davidson ńlá ti Amẹ́ríkà ju 300 kílò lọ. Bí ìyẹn bá wó lu ènìyàn lọ́nà oko, ó di ká kéde.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, BSA ti Gẹ̀ẹ́sì ṣì kù lọ́wọ́ àwọn àgbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Honda ti gba ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn Peace Corps tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dé Nàìjíríà ní 1961 láti wá kọ́ wa níwèé, Honda ni púpọ̀ nínú wọn ń gùn kiri. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù ìjọba, sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ní 1975, kò sí ojúmọ́ kan tí yóò mọ́, tí olówò yóò gbówò, tí ọ̀rànwú yóò gbé kẹ̀kẹ́, tí a kò ní rí ẹni tó gbé alùpùpù tuntun wọ̀lú, ti Jàpáànù sì ni gbogbo rẹ̀. Honda tilẹ̀ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù, nínú ìwé ìròyìn alùpùpù tí ọmọ mi ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni mo ti kà á. Ní nǹkan bí àkókò tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ DKW ní Jámánì ṣe alùpùpù kékeré kan, RT 125, èyí tó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tí kò ní fáàfù, tí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ mi lè tú kí ó sì tò. Nígbà tí Jámánì ṣubú, àwòrán rẹ̀ di ìkógun. Gẹ̀ẹ́sì mú un, ó di BSA Bantam; Harley-Davidson mú un, ó gbé tirẹ̀ jáde fún ọdún 1948; Yamaha náà wò ó ṣe, ó di YA-1, alùpùpù àkọ́kọ́ tó ṣe, ní 1955. Irin kan náà ni Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, pín fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún náà gan-an ni Yamaha gbé tirẹ̀ gun òkè Fuji, tó tún gbé e lọ sí eré ìje Asama, níbi tí ọ̀nà jẹ́ eérú òkè ayọnáyèéfín tí kò mọ ọ̀dà, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní ìsọ̀rí rẹ̀. Harley-Davidson ta tirẹ̀ títí di 1966, ó tilẹ̀ ṣe èyí tó ṣeé gùn wọ igbó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é.

Oníṣẹ́ a máa ṣe ohun tí ará ilé rẹ̀ ń rà. Lẹ́yìn ogun, òtòṣì ni Jàpáànù, ọ̀nà wọn kò sunwọ̀n, alùpùpù kékeré sì ni òṣìṣẹ́ fi ń rìn. Super Cub tí Honda gbé jáde ní 1958 ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní Amẹ́ríkà, mọ́tò ti wà lẹ́nu ọ̀nà òṣìṣẹ́, alùpùpù ti di ohun ìgbafẹ́, èrè orí ńlá kan sì dùn mọ́ oníléeṣẹ́ ju wàhálà orí kékeré lọ. Wọ́n gbàgbé pé abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ California wá fẹ́ràn àtimáa gun alùpùpù nínú aṣálẹ̀, Yamaha ló ṣe DT-1 fún wọn ní 1968. Lọ́dún yẹn kan náà, John Penton, ọmọ Ohio, tó fẹ́ alùpùpù igbó tó fúyẹ́, ọ̀dọ̀ KTM ní Austria ló ti lọ ṣe é. Harley-Davidson ti ra ìdajì Aermacchi ti Ítálì ní 1960, Baja 100 tó sì gbé jáde ní 1970, ọmọ Ítálì tó jẹ́ orúkọ Amẹ́ríkà ni. Ní 1978, ó ta iléeṣẹ́ náà dànù. Cannondale ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, gbìyànjú alùpùpù igbó lẹ́yìn wọn, ó wọ gbèsè ní 2003.

Èyí tó tán mi ní sùúrù ni ti 1983, nígbà tí Ààrẹ Reagan bu owó orí lé alùpùpù òkèèrè láti gba Harley-Davidson sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ju 700 cc lọ nìkan ni òfin náà kàn. Ẹni tó sọgbà yí apá kan oko rẹ̀ ká ti jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé pé òun ti yọ̀ǹda ìyókù.

Àwọn ẹgbẹ́ mi kan a máa sọ pé ọgbọ́n àwọn ará Jàpáànù ló ṣe é. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí ohun tó bá Amẹ́ríkà ti bá àwọn náà lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tí náírà ṣubú yakata, Honda tuntun kọjá agbára àgbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí fi tòkunbọ̀ tó gba Kùtọnu wọlé rọ́jú, títí Jincheng fi dé láti Ṣáínà, tó fi àwòṣe Suzuki ṣe tirẹ̀, tí Bajaj ti Íńdíà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti sún mọ́ àpò òtòṣì ni ọjà ń bá lọ.

Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó ro ti ọ̀nà oko Ìgbómìnà nígbà tó ń ṣe é. Bí àgbẹ̀ bá ra Bajaj tuntun, kí ó tó gba nọ́ńbà, ọ̀dọ̀ alájórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbé e gbà: a ó gbé mọ́gáàdì iwájú sókè kí amọ̀ lè ráyè jáde, a ó jó irin tó lè gba àpò iṣu mọ́ ẹ̀yìn, a ó sì fi irin yí ẹ́ńjìnnì ká nítorí àpáta.